Fífọ Ìfun nílé Àlàájà

Mo jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń fi irin ìfọ̀kòkò ha ọ̀dà tó gbẹ mọ́ inú ike kan, nígbà tí Àlàájà jáde wá sá ìborùn rẹ̀ sórí okùn. Ike ọ̀dà ńlá ni, ó ní ìdérí tó ń dé pinpin. Ọwọ́ àwọn tó ń kun ilé kan ládùúgbò ni mo ti tọrọ rẹ̀.

"Kútọnu, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ máa lò ó nínú yàrá ni, mà."

"Láti fi ṣe kí ni? Má fi bu omi mu o. Ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ ẹ nífun."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ. N kò lè bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ìfun tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ló gbé mi dé ìdí ike ọ̀dà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi. Mo kọ́kọ́ pè é ní jẹ̀dí, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é, mo sì jáwọ́ nínú ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dáwọ́ dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù, yẹ̀rì tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ń yọ̀ bọ́ nídìí mi. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní ilé ìwòsàn sọ pé àfi kí àwọn ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí gba ìdí mi wọlé, kí àwọn fi wo ìfun ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ìfun náà gbọ́dọ̀ mọ́ kí wọ́n tó wò ó.

Ó ní, "Bí ìgbẹ́ bá bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a ò ní rí i. A ó sì sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan."

Gbólóhùn kejì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, mo dúró dè é títí ó fi sú mi. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo èrò ni mo máa padà sí, ẹ̀jẹ̀ á sì máa lọ.

Ilé tí mo ń gbé ní Múṣín, yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á láàárín. Ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn fún gbogbo wa. Wọ́n fi àgádágodo sí i nítorí àwọn ará ìta tó máa ń yọ́ wọlé wá lò ó. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Àlàájà, ọmọ ẹni tó kọ́ ilé náà, tí a bí síbẹ̀, tó sì dàgbà síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣu á kan ilẹ̀kùn Àlàájà, á kí i, á gba kọ́kọ́rọ́, á gbé omi tirẹ̀ dání, á sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kò ṣòro bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu oògùn tí ń fọ ìfun, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló máa lọ, kò sì ní lè dúró kí ènìyàn parí ìkíni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ tọrọ ike ọ̀dà.

Kétu ni mo ti wá. Kì í ṣe Kétu tó wà ní ìgboro Èkó o. Kétu àtijọ́ ni, èyí tó wà ní òdìkejì ibodè, níbi tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ wa ní ilé-ìwé. Mo ka sẹ́kọ́ńdírì níbẹ̀. Kíkọ Yorùbá sílẹ̀, ní kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ọkọ mi kú, a kò bímọ, oko rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Èkó kì í ṣe ariwo. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ti rò pé ẹni tó bá gbọ́ èdè ìlú kan, a ti gbà á wọ ìlú náà dé ààbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo béèrè ọ̀nà lópítáà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ọ̀yìngbò, nítorí lópítáà ni a máa ń pe ilé ìwòsàn nílé. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Wá gbọ́ bí eléyìí ṣe ń kọrin! Tún un sọ, jọ̀ọ́." Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn kò sì fi ọ̀nà náà hàn mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dín ọ̀rọ̀ kù. Ní ilé Àlàájà, wọ́n máa ń sọ pé, "Kútọnu yẹn, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni." N kò jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ ní Kétu. N kò sì jẹ́ ará Kútọnu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀ láyé mi, láti lọ sìnkú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì ibodè wá, Kútọnu ni lójú wọn, mo sì ti jẹ́ orúkọ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń yíjú bí wọ́n bá pè é lójú títì.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígba ilẹ̀ àti kíkó àjákù aṣọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí sí ìdí tábìlì ìparí, níbi tí a ti ń gé okùn tó bá yọ, tí a sì ń yẹ bọ́tìnnì wò. Ọ̀gá wa kì í yin ènìyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó kó ẹ̀wù tí ẹlòmíràn ti yẹ̀ wò wá síwájú mi, ó ní, "Tún wọn wò fún mi." Mo gbé ìyẹn lọ sílé bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Níbi iṣẹ́ náà, a gbọ́dọ̀ nawọ́ kí a tó lọ sí ilé ìgbẹ́. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, mò ń nawọ́ jù, ọ̀gá sì ti ń wò mí. Mo máa ń rò ó nínú ọkọ̀ pé gbogbo ibi tí mo wà ní Èkó, mo ní láti tọrọ ààyè kí n tó lọ ṣu. Nílé wa ní Kétu, ènìyàn kàn máa ń dìde ni, á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ibi tó ń lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin ni nọ́ọ̀sì tó fún mi ní oògùn náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fi àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Mọ́mì, ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ má jẹ ẹ̀wà, ẹ má jẹ ẹ̀fọ́, ẹ má jẹ èso tó ní hóró. Ẹ̀kọ funfun, ìrẹsì funfun, ẹyin, ìyẹn dára. Ní ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, kò sí oúnjẹ rárá. Nǹkan olómi tí ẹ lè rí ìdí ife nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa mu: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísítì. Ẹ má mu zobo, ẹ má mu ohunkóhun tó pupa. Tó bá pupa nínú ìfun, dókítà á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni."

Ó fi bí mo ṣe máa po ìyẹ̀fun oògùn náà hàn mí, ìdajì ní ọ̀sán, ìdajì ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ó ní kí n máa mu ún ní ife kọ̀ọ̀kan, kí n máa sinmi díẹ̀ láàárín, kí n má gbé e mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Lẹ́yìn tí ẹ bá mu oògùn, ẹ tún gbọ́dọ̀ máa mu omi lásán. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Oògùn yìí máa fa omi jáde lára yín. Ẹ má dín omi kù. Ẹ má fi agbo kún un, ẹ má fi oògùn ìyàgbẹ́ mìíràn kún un. Oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

Mo sọ fún un pé mò ń lo méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé ọ̀kan máa ń mú mi tọ̀. Ó dìde, ó lọ bi dókítà. Nígbà tó padà, ó ní kí n fo èyí tó ń mú mi tọ̀ ní ọjọ́ náà, kí n má fo èkejì. Ó ní, "Tiyín nìyẹn o. Ẹlòmíràn lè yàtọ̀. Ẹ má fi júwe fún ẹnikẹ́ni."

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ilé ìgbẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹni tó máa wà pẹ̀lú yín?"

"Èrò wà nílé."

Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ilé ìgbẹ́ wà, èrò sì wà. Kò béèrè bóyá èrò náà mọ̀.

Wọn kò mọ̀. Ẹni tó wá láti òkèèrè kì í sọ àìsàn rẹ̀ fún ilé. Ní ìgbà òjò, àrùn onígbáméjì ti jà ní òpópónà tó tẹ̀lé tiwa, wọ́n sì ti gbé òkú jáde níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ojú ti wà lára ẹni tó bá ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé léraléra. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn mi, mo sì po oògùn náà.

Ó dà bí omi òkun tí wọ́n fi èèpo ọsàn sí. Mo mu ife àkọ́kọ́, mo mu ìkejì. Kò sí nǹkan kan. Mo ti ń rò pé bóyá ìfun mi le, nígbà tí inú mi kùn bí ẹni ń yí àgbá. Mo kàn ráyè ṣí ìdérí ike ni.

N kò ní ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni bí omi ṣe pọ̀ tó nínú ènìyàn. Mo ti gbèrò pé mo máa dé ike náà pa, pé mo máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àlàájà lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ bí mo ṣe máa ń gbà á, mo máa lọ dà á nù, ọ̀rọ̀ sì tán. Kí oòrùn tó yẹ̀ rárá, ike ti kọjá ìdajì.

Fóònù mi dún. Ràímì ni, àbúrò mi, tó wà nílé pẹ̀lú ìyá wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n bi yín bí ẹ bá ń bọ̀ fún ọdún. Kí ni ìró omi yẹn?"

Mo jókòó lórí ike. "Mò ń fọ nǹkan ni."

"Ẹ ò kì í sinmi. Kí Ọlọ́run bù sí i o."

"Àmín."

Bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo ti wà ní Èkó, àlàáfíà ni mo ti wà lórí fóònù. Òun náà, àlàáfíà ló wà. Ọjọ́ tí ògiri ilé wa wó, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó gbọ́, lẹ́nu ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìpè náà ni mo ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Mo wo ike, mo wo oògùn tó kù nínú jọ́ọ̀gì. Oògùn náà pọn dandan, mi ò lè dín in. Ṣùgbọ́n omi lásán tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa mu tẹ̀lé e, ìyẹn ni mo dín kù. Mo rò pé bí omi tó ń wọlé bá kéré, omi tó ń jáde náà á kéré, ike á sì tó mi títí ìrọ̀lẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi, bí ẹni ń wọn aṣọ. Ẹnu mi gbẹ. N kò tọ̀ mọ́. Mo rò pé ara oògùn náà nìyẹn.

Nígbà tó yá, ike fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo dé e, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e, mo sì jáde láti lọ kan ilẹ̀kùn Àlàájà. N kò dé ibẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn sí i lójú mi, ó dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ojú mi là, mo wà nílẹ̀, ẹ̀yìn mi wà lára ògiri, ìdérí ike ti ṣí, omi tó wà nínú rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Sàídì, obìnrin tó ń gbé ní iwájú mi.

Omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ará Múṣín mọ ìgbẹ́ tó bá dà bí omi ìrẹsì.

"Yéè! Onígbáméjì!" Ìyá Sàídì fa àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ jáde wá wò ó o! Àǹtí Kútọnu ti gbé onígbáméjì wọlé!"

Ilẹ̀kùn ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ẹnì kan ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ẹlòmíràn ní, "Àwọn ló máa ń kó o wá láti ibodè." Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete.

Àlàájà jáde. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀.

Ìyá Sàídì ní, "Àlàájà, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ o! Gbogbo wa la jọ ń jókòó síbẹ̀! Kó máa lọ sí ìlú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ń bẹ nílé yìí!"

Àlàájà wọlé padà. Nígbà tó jáde, ó gbé ife ńlá kan dání. Ó tẹ omi náà kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi.

"Gbé e mu. Ògì tútù ni, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Á dá a dúró."

Inú rere ló fi gbé e wá. Òun nìkan ló sún mọ́ mi nínú gbogbo wọn. Òùngbẹ sì ń gbẹ mí débi pé mo lè gbọ́ òórùn ọsàn náà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ògì funfun, tó nípọn, á lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí mo ti fi ọ̀sán fọ̀. Ọ̀la, dókítà á wò ó, kò ní rí nǹkan kan, á sì sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Bí mo bá sì kọ̀ ọ́, mo kọ ife àgbà níwájú gbogbo ilé, wọ́n á gbà pé onígbáméjì ni lóòótọ́, ẹrù mi á sì wà ní ìta kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Àlàájà, ẹ má bínú. Mi ò lè mu ún."

"Kí lo wí?"

"Kì í ṣe onígbáméjì. Oògùn ni mo mu. Mò ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà wo inú ìfun mi lọ́la, wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ mọ́. Bí mo bá mu ògì, wọn ò ní rí ohun tó wà níbẹ̀."

N kò tíì sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé mo ń kọrin.

"Ẹ̀jẹ̀ pupa ni àbí dúdú?" Ohùn Àlàájà ti lọ sílẹ̀.

"Pupa, mà. Nígbà mìíràn, ó máa ń dúdú."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ọdún Iléyá tó dé."

Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e sẹ́nu, ó mu ògì náà tán, ó fi ọwọ́ nu ètè.

"Ìyá Sàídì, lọ gbé omi àti ízàlì wá."

"Èmi kẹ̀, Àlàájà?"

"Ìwọ náà. Ṣebí ìwọ lo mọ ariwo pa. Tó bá jẹ́ onígbáméjì ni, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kú, mo ti tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé mi wọ yàrá rẹ̀. Nọ́ḿbà nọ́ọ̀sì wà lára páálí oògùn, ó sì ní kí n pè é, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo ti tọ̀, bóyá inú ń ta mí, bóyá inú mi le, bóyá mo ń bì. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye omi lásán tí mo ti mu. Mo sọ fún un.

"Háà, Mọ́mì! Mo sọ fún yín! Omi ara yín ló ti ń lọ láìsí ìrọ́pò. Ìyẹn ló lè gbé ènìyàn ṣubú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ máa mu omi iyọ̀ àti ṣúgà yẹn díẹ̀díẹ̀. Bí ojú yín bá ti wálẹ̀, tí ẹ sì ti tọ̀, ẹ máa bá oògùn lọ. Bí ẹ bá tún dákú, tàbí ẹ ń bì tí kò dúró, tàbí inú yín le tó ń dùn yín gan-an, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ló wà pẹ̀lú yín?"

Àlàájà ní, "Èmi ni."

Ó jókòó tì mí. Bí mo bá ti gbé ife kalẹ̀, á bu òmíràn. "Mu ún. Ṣé omi ni wọ́n ń tà fún yín ní Kútọnu tí o fi ń ṣọ́ ọ lò?" Nígbà tí mo tọ̀, ó ní àlùhámúdúlílàhì bíi pé mo bímọ. Mo padà sídìí oògùn náà.

Lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Kí n bu agbo díẹ̀ sí i? Á tètè gbá a jáde."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ní ká má fi nǹkan kan kún un."

Mo rò pé á bínú. Ó kàn bu omi sí ife mi.

"Agbo yẹn náà ni mo ń fún ọkọ mi," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ ni òun náà ń rí. A pè é ní jẹ̀dí. Mo ń sè é láràárọ̀, mò ń fi ọwọ́ ara mi bù ú fún un. Jẹ̀dí, jẹ̀dí, títí a fi gbé e lọ sí itẹ́."

Ìgbẹ́ tún gbọ̀n mí, mo sì gbìyànjú láti dìde, mo ń wo ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dìde ṣáájú mi. Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò, ó ki okùn bọ̀ ọ́, ó sì so ó mọ́ mi lọ́rùn bí ẹni so nǹkan mọ́ ọmọ tó máa ń sọnù.

"Máa lọ. Àwọn yòókù á lo kejì rẹ̀, ó wà nínú àpótí mi. Má kí mi. Ṣáà máa lọ."

Mo lọ, mo bọ̀, mo lọ. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Ní ìdájí, mo mu ìdajì tó kù, mo sì fi omi tẹ̀lé ife kọ̀ọ̀kan títí di wákàtí tí nọ́ọ̀sì ní kí n dáwọ́ omi dúró. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ohun tó ń jáde lára mi mọ́ bí ìtọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n máa gún mi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú mi lọ sílé. Àlàájà ti wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ wá.

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Kí lẹ jẹ́ sí wọn, mà?"

"Èmi ni mo ni ilé tí wọ́n ń gbé."

"Ẹbí ni mò ń béèrè."

"Ẹbí wọn wà ní Kútọnu. Èmi ni mo wà níbí."

Ó pè mí ní "wọ́n" níwájú àlejò. Mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo jí, dókítà dúró tì mí. Ó ní, "Inú yín mọ́ dáadáa. A rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Fún ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn, bí ìgbà tí ọ̀gá kó ẹ̀wù wá síwájú mi. Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó, mo sì mọ̀. Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀, kò tóbi púpọ̀, ó fara pamọ́ sí ibi tí ìfun ti ṣẹ́ kọ́nà. Ó ní ká ní ìgbẹ́ wà níbẹ̀ ni, àwọn ò bá ti kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ti gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò náà jáde. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n máa la inú mi, wọ́n á gé apá ibẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó mọ èyí tó kàn. Dókítà kò ṣèlérí. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Mo pe Ràímì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Rárá," ni mo wí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ẹni tó ti rí inú mi, ibí ló wà."

"Ṣùgbọ́n ta lẹ ní níbẹ̀?"

Ìyá Sàídì ti ń kí mi báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ti rí ẹnì kan nínú ilé tó da ízàlì sílẹ̀ kó tó wọ ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn mi, bí ẹni pé jẹjẹrẹ ń ràn. Kútọnu ni wọ́n ṣì ń pè mí. Ní Kétu, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ará Èkó, Ràímì ló sọ ọ́ fún mi nígbà kan, ó rò pé á dùn mọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àyẹ̀wò jáde, mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lọ́rùn, mo lọ kan ilẹ̀kùn Àlàájà. Ó jókòó lórí ẹní ìkírun, ó ti kírun tán. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Lẹ́yìn náà ni mo na kọ́kọ́rọ́ náà sí i, mo dúpẹ́.

Kò nawọ́ gbà á. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí.

"Fi sọ́rùn ẹ padà," ló wí. "Ẹni tí wọ́n bá la inú ẹ̀, ìgbẹ́ kì í dúró kó kanlẹ̀kùn."